Ọṣẹ tó ń jó mi lọ́wọ́: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ó rántí pé nígbà tí mo ń ṣe ọṣẹ, òróró àgbọn tán lọ́wọ́ mi, mo fi òróró ólífì 500 gíráàmù rọ́pò rẹ̀, ni ọṣẹ náà bá ń jó mi lọ́wọ́, tí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sì hù sí i lára. Mo bi yín léèrè bóyá òróró náà ni kò dáa.

Òróró ò ṣẹ̀. Sódà (sódà alágbára tó ń sọ òróró di ọṣẹ) ni mi ò dín kù. Ẹni tó ní kí n tún ìṣirò mi wò ló bá mi yanjú ẹ̀, Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Òróró àgbọn 500 gíráàmù máa ń mu sódà bíi gíráàmù 92. Ti ólífì ò ju bíi 67 lọ. Gíráàmù 25 tó ṣẹ́ kù ò rí òróró bá ṣe, òun ló ń ta mí lára.

Mi ò dà á nù o. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo rẹ́ ọṣẹ náà wẹ́wẹ́, mo bu omi díẹ̀ sí i, mo fi òróró ólífì 200 gíráàmù kún un, mo wá gbé e ka iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó kọ́kọ́ ṣe kókó-kókó, àyà mi já. Nígbà tó yá ó yọ́, ó ń dán, ó sì ń fà.

Ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbi afẹ́fẹ́. Ojú rẹ̀ rí ṣákaṣàka, ìfófòó rẹ̀ ò sì tó ti àgbọn, bí ti ólífì ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo fi wẹ̀ láàárọ̀ yìí, kò ta mí rárá. Inú mi dùn gan-an. Ìbéèrè mi ti tán, ẹ ṣeun.