Èmi àti ajá mi fẹ́ máa ṣeré ìmárale, báwo la ṣe máa bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ ọdún 46 ni mí, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru, kí n máa rìn kánkán, ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Mo wá ní kí èmi àti Tanímọ̀la, ajá mi, kúkú jọ máa jáde. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, òun náà ti sanra jù.

Ní Sátidé, a jáde ní aago 10 àárọ̀, nínú ooru Ẹrẹ́nà yìí. Mo ń sáré díẹ̀díẹ̀. Ó rí ewúrẹ́, ó ta kìjí, okùn tí mo wé mọ́ ọwọ́ gbé mi ṣubú, eékún mi bó. Ṣùgbọ́n eékún kọ́ ló dùn mí jù. Nígbà tí à ń bọ̀, Tanímọ̀la dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, itọ́ rẹ̀ ń fà bí ilá, kò lè dìde mọ́. Alùpùpù ẹni ẹlẹ́ni ni mo fi gbé e délé. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ẹlẹ́ran, Àjàṣẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ooru ló mú un. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu ló fi ń mí ooru jáde. Ìwọ̀n 38 sí 39 ni ara rẹ̀ máa ń gbóná dé; bó bá kọjá 41, ó lè kú. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ da omi sí i lára, ikùn àti abẹ́ itan pàápàá, ẹ máa fẹ́ ẹ lábẹ̀bẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, bó tilẹ̀ ti dìde.

Aago 6 àárọ̀ ni kí ẹ máa jáde, tàbí ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀dà. Bí ẹ kò bá lè ka ení dé èje kí ó tó jó yín, ẹ padà sílé. Ẹ má fún un lóúnjẹ kí ẹ tó jáde. Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi?

Ọmọ Ọdẹ, Kétu
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wé okùn mọ́ ọwọ́ mọ́ láé, ó lè ṣẹ́ yín níka. Òwe ajá tí kò gbọ́ fèrè ọdẹ tí gbogbo wa ń pa, ojú ló rí i kí ẹnu tó sọ ọ́. Kí ajá tó bá bàbá mi wọgbó, ẹ̀yìnkùlé ló ti ń kọ́ fèrè: bàbá á fun ún, ajá á wá, á rí ẹran jẹ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lójú ọ̀nà, bó bá fa okùn, ẹ dúró jẹ́ẹ́. Ẹ má bá a fà á. Bí okùn bá dẹ̀, ẹ tún máa lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ lè máà kọjá ilé kẹta, ẹ fara dà á.

Olùkọ́ eré ìdárayá, Àjàṣẹ́
Mo ti ṣiṣẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ rí. Ẹ̀gbẹ́ àpáta yẹn kì í tètè tutù lálẹ́, nítorí náà n kò fara mọ́ ìrọ̀lẹ́, àárọ̀ nìkan ni. Ẹ má sì tíì sáré. Ìṣẹ́jú 10 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ máa fi márùn-ún kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi pé 30, lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ rìn débi tí ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin. Bí eékún bá san, nígbà tí ajá bá ń gbóòórùn ìdí igi, ẹ máa ṣe ìjókòó-ìdìde mẹ́wàá.

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àbúrò mi. Ó ti gba abẹ́rẹ́ náà. A jáde láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mọkànlá la dúró, ṣùgbọ́n kò já lọ. Àwọn ìbejì, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fẹ́ máa di okùn mú. Ṣé kí n gbà?

Ọmọ Ọdẹ, Kétu
Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Agbára Tanímọ̀la ju tiwọn lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé omi rẹ̀ dání.