Ìnṣọ́ráǹsì àti strip àyẹ̀wò ṣúgà: báwo lẹ ṣe rí èyí tó tó yín gbà?

Àbíkẹ́yìn, Houston

Ẹ kú ilé o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ strip tí a fi ń yẹ ṣúgà wò yìí ló gbé mi wá, torí mo rí i pé àwọn èèyàn wa níbí ń fìyà jẹ ara wọn lórí ẹ̀. Wọ́n á ní ìnṣọ́ráǹsì ló ní kó mọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá máa ṣọ́ strip lò, ẹni tó yẹ kó yẹ ara ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ á máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ọlọ́run ló ń pa irú wọn mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá mi kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, Medicare, ìnṣọ́ráǹsì ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbàlagbà, ni wọ́n ń lò, insulin ni wọ́n sì ń gún, èyí tó ń gbé wọn di ọjọ́ kejì àti èyí tí wọ́n ń gún kí wọ́n tó jẹun. Nínú Medicare, apá tí wọ́n ń pè ní Part B ló ń sanwó strip. Ẹni tó bá ń gún insulin, 300 strip àti 300 abẹ́rẹ́ kékeré tí a fi ń gún ìka ni tiẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹni tí kò bá gún insulin, 100. Ẹ pín 300 yẹn sí oṣù mẹ́ta, ẹ ó rí i pé bíi mẹ́ta lóòjọ́ ni. Bàbá sì gbọ́dọ̀ yẹ ara wọn wò láàárọ̀ kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan, kí wọ́n tó jẹ tọ̀sán, kí wọ́n tó jẹ talẹ́, kí wọ́n tó sùn, mẹ́rin ti nìyẹn. Ṣúgà wọn tún máa ń já wálẹ̀ lóru, èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé ara wọn kì í sọ fún wọn mọ́, wọn kì í gbọ̀n, wọn kì í làágùn, àfi kí wọ́n kàn máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní orí kò ní ìdí. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ọsibítù ni pé tó bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ, ká fún wọn ní gíráàmù 15 ṣúgà, bí ìdajì ife omi ọsàn, ká dúró fún ìṣẹ́jú 15, ká tún yẹ̀ ẹ́ wò, tí ò bá tíì gòkè ká tún un ṣe. Ẹ wo iye strip tí òru kan ṣoṣo lè jẹ.

Nígbà tí strip tán tí mo lọ gba òmíràn, fáámásì ní àkókò ò tíì tó, kọ̀ǹpútà ò gbà á wọlé. Mo bi ọmọbìnrin tó wà ní káńtà pé jọ̀ọ́ kí ni dọ́kítà kọ síwèé gan-an, ó ní wọ́n kọ pé kí bàbá máa yẹ ara wọn wò "bí a ṣe sọ fún wọn". Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ dì sí! Bí a ṣe sọ fún wọn kì í ṣe nọ́ńbà. Tí kò bá ti sí nọ́ńbà, iye tó wà nínú òfin wọn ni wọ́n máa fún yín, wọn ò ní fi ẹyọ kan lé e. Mo padà sọ́dọ̀ dọ́kítà pé kó kọ ọ́ tán: ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́, pé insulin ni wọ́n ń gún, kóòdù àìsàn náà, àti ìdí tí iye yẹn fi ju ti Medicare lọ, pé ara bàbá kì í mọ̀ ọ́n mọ́ tí ṣúgà bá já.

Kò tán síbẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá máa gba ju 300 lọ, dọ́kítà gbọ́dọ̀ ti rí aláìsàn yẹn láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ̀rí sì gbọ́dọ̀ wà pé lóòótọ́ ló ń yẹ ara ẹ̀ wò tó bẹ́ẹ̀. A ra nótùbúùkù, a ń kọ ọjọ́, aago, nọ́ńbà tí mítà gbé jáde, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bàbá fúnra wọn ló ń kọ ọ́, tíṣà ni wọ́n nílé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ wọn ṣì dára jù tèmi lọ. Mo ṣe fọ́tòkọ́pì, mo kó o fún dọ́kítà, òun ló fi ránṣẹ́, wọ́n sì gbà á. Ẹ má gbàgbé pé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì wà lọ́rùn yín lẹ́yìn iye tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san lọ́dún, àti pé ẹ̀yin lẹ máa bèèrè nígbà tó bá ń tán lọ o, Medicare kì í sanwó èyí tí ẹnikẹ́ni bá dédé fi ránṣẹ́ sílé yín. Ọdọọdún ni dọ́kítà sì ń kọ ìwé yẹn tuntun.

Láti oṣù kẹrin 2023 ni Medicare ti gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá ń gún insulin lè gba ẹ̀rọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá yẹn, èyí tó ń ka ṣúgà tọ̀sán tòru, tó sì ń ké tí ṣúgà bá ń já. Kódà ẹni tí kò gún insulin, tí ṣúgà ẹ̀ bá ń já lọ́nà tó léwu, wọ́n kà á mọ́ ọn. Bàbá ti ń lò ó báyìí, mo sì ń sun oorun mi. Ṣùgbọ́n a ò pa strip tì, torí tí ẹ̀rọ bá sọ tiẹ̀ tí ara bàbá sọ nǹkan míì, ìka la máa gún.

Ìyá Ìbejì, Maryland

Ẹ ṣeun Àbíkẹ́yìn, ẹ bá mi kí bàbá o. Oyún ni tèmi. Wọ́n ní ṣúgà ti wọ ọ̀rọ̀ oyún mi, kí n máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, láàárọ̀ kí n tó jẹun kó má dé 95, wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan kó má dé 140. Ìnṣọ́ráǹsì ibi iṣẹ́ ọkọ mi ni mò ń lò. Páálí 50 kan lóṣù ni wọ́n gbà, ẹ sì mọ̀ pé lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, páálí 50 ò pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí a ṣe ń ja ìyẹn lọ́wọ́ ni Jánúárì dé, wọ́n ní àwọn ò sanwó orúkọ strip tí mò ń lò mọ́, òmíràn làwọn fẹ́. Strip ti kọ́ńpìnnì kan kì í wọ mítà kọ́ńpìnnì míì, ẹ̀yin náà mọ̀, nítorí náà mítà ọwọ́ mi ti di ohun ìṣeré. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, oyún ìbejì kì í jẹ́ kéèyàn lágbára ìjà.

Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ wa nípa oúnjẹ ló gbà mí. Ó ní kí n pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, kí n má bá wọn jiyàn rárá, kí n kàn bi wọ́n pé mítà wo lẹ fẹ́ lọ́dún yìí, strip mélòó lẹ gbà lóṣù, ta ló máa kọ̀wé tí mo bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, fáàsì nọ́ńbà yín ńkọ́. Kí n kọ orúkọ ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tó jẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Dọ́kítà yí ìwé sí orúkọ tí wọ́n fẹ́, mítà tuntun dé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì kọ̀wé pé oyún ni, ìbejì ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ títí màá fi bí. Wọ́n gbà á. Nígbà tí a ń dúró dè wọ́n, mo ra mítà àti strip tí Walmart fi orúkọ ara wọn tà, mi ò mú káàdì ìnṣọ́ráǹsì jáde rárá, owó ẹ̀ kéré sí èyí tí mò ń san tẹ́lẹ̀ lórí ti ìnṣọ́ráǹsì gan-an. Ẹ wò ó náà kẹ́ ẹ tó ni ara yín lára.

Awakọ̀ Ńlá, Atlanta

Èmi ò gún insulin o, ibẹ̀ ni ìṣòro tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti rí i pé oògùn oníhóró lẹ ń lò, wọ́n á ní ẹyọ kan lóòjọ́ ti tó yín. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí metformin, mo tún ń lo glimepiride, glimepiride sì lè já ṣúgà wálẹ̀ gan-an, pàápàá tí èèyàn ò bá jẹun lásìkò. Ọkọ̀ ńlá ni mò ń wà láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ṣé ẹni tó di ọkọ̀ báyẹn mú lórí títì ló yẹ kó máa méfò ṣúgà ara ẹ̀?

Ìnṣọ́ráǹsì kọ̀ láti fún mi ní strip sí i, mo kọ̀wé pé mi ò gbà, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jókòó sí, wọn ò mọ̀ pé òfin ìlera Amẹ́ríkà ti ọdún 2010 ti fún wa ní ìlẹ̀kùn kan sí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá kọ̀ fún yín, ẹ ní ọjọ́ 180 láti fi kọ̀wé sí ìnṣọ́ráǹsì fúnra wọn. Tó bá jẹ́ ohun tí ẹ ò tíì gbà lọ́wọ́ ni, wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ 30, tó bá jẹ́ pàjáwìrì, wákàtí 72. Tí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ ní oṣù mẹ́rin láti gbé e fún àwọn tó wà níta, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, láti tún un yẹ̀ wò, èyí tí àwọn yẹn bá sì sọ, ìnṣọ́ráǹsì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e ni.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ kò ju ìwé dọ́kítà tó sọ ọ̀rọ̀ glimepiride àti iṣẹ́ mi, pẹ̀lú ìwé tí mo kọ nọ́ńbà mi sí. Kí n tó jẹun àti wákàtí méjì lẹ́yìn tí mo jẹun ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì kọ oúnjẹ tí mo jẹ sí i. Ẹ ò rí i bí iyán ṣe ń gbé e fò, tí ẹ̀wà olóyin kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Dọ́kítà fi hàn wọ́n pé nọ́ńbà wọ̀nyí ni òun fi dín oògùn mi kù, pé kì í ṣe pé mo kàn ń gún ìka fún ìgbádùn. Àwọn tó wà níta dá mi láre. Bí dọ́kítà yín ò bá fẹ́ kọ irú ìwé yẹn, ẹ wá òmíràn lọ.

Tíṣà, Ìbàdàn

Mò ń kà á, ó ń wù mí. Níbí, lábẹ́ ìnṣọ́ráǹsì ìlera ìjọba tí èmi ń lò, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn ni à ń san, ìyẹn dáa, metformin mi kì í wọ́n mi. Strip tí màá lò nílé ni HMO mi, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ìnṣọ́ráǹsì náà, ní kò sí nínú ètò. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ yẹ ṣúgà wò kí n wá sí ọsibítù. Ṣé kí n máa wọ mótò lọ sí ọsibítù láàárọ̀ kùtù láìjẹun kí n lè mọ nọ́ńbà mi ni, mo sì ní kíláàsì láago mẹ́jọ? Òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022 ní gbogbo ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ráǹsì ìlera, ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ìlera alátọ̀gbẹ láìsí strip, mi ò mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí.

Èmi àti àwọn tí a jọ ń lọ sí kíníìkì ń dá owó jọ ra strip láti ọ̀dọ̀ alágbàtà ní Dùgbẹ̀, mítà kan náà ni gbogbo wa ń lò kó lè rọrùn. Àbúrò mi tó wà ní New York ní ẹnì kan ń ta strip ní ẹ̀dínwó, páálí tí àwọn míì ò lò tán, ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi. Ṣé kí n gbà á?

Àǹtí Peckham

Tíṣà ẹ pẹ̀lẹ́ o. Lọ́dọ̀ tiwa kì í ṣe ìnṣọ́ráǹsì, NHS ni, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ lè gba ìwé tó máa jẹ́ kó gba gbogbo oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, ọdún márùn-ún ni ìwé yẹn fi ń ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó kú mọ́ yín lọ́wọ́. Síbẹ̀ GP mi, dọ́kítà àdúgbò, kàn dédé gé strip mi kù, kò sí ẹni tó bi mí léèrè. Ohun tí mo fi gbà á padà ni òfin DVLA, àjọ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ẹni tó ń gún insulin tó sì ń wakọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ṣúgà ẹ̀ wò láàárín wákàtí méjì kó tó gbéra, àti ní wákàtí méjì-méjì bó bá ṣì ń wà á lọ. Mo kọ lẹ́tà kékeré, mo kọ iye ìgbà tí mò ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ síbẹ̀, mo ní kí wọ́n ṣírò ẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n dá a padà, ó tún fi díẹ̀ lé sí ti tẹ́lẹ̀.

Àbíkẹ́yìn, Houston

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbà á. Àwọn tó ń lẹ bébà mọ́ òpó iná níbí pé àwọn ń ra strip, ọwọ́ wọn ni irú páálí yẹn ti ń wá. FDA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ oògùn àti ohun èlò ìlera, kìlọ̀ nípa ẹ̀ ní 2019, torí ẹnikẹ́ni ò lè mọ bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹ̀, ó lè ti wà nínú ọkọ̀ tó gbóná, wọ́n lè ti ṣí i, wọ́n lè ti yí ọjọ́ tó máa bàjẹ́ padà. Nọ́ńbà tí kò tọ̀nà burú ju àìyẹ̀ ẹ́ wò lọ, torí èèyàn á fi lo oògùn. Tí àbúrò yín bá fẹ́ ṣe oore, kó ra tuntun tí páálí ẹ̀ ṣì wà ní dídì pa, irú tó bá mítà yín mu, kó wo ọjọ́ tó wà lára ẹ̀ dáadáa kó tó fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Tó bá dé ọwọ́ yín, ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú ike ẹ̀, ẹ máa dé e pa gbàrà tí ẹ bá ti mú ẹyọ kan, ẹ má sì gbé e sítòsí ibi tí omi ti ń hó.