Ọ́ìlì minérale àbí synthèse: èwo ni ká dà sínú mọ́tò l'Àjàṣẹ́?

Ìyá Àbẹ̀ní, Wàndó: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àsìkò vidange, ìyẹn pípààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò mi, ti tó, tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì) sì wà nínú ẹ̀. Agolo méjì ni ọlọ́jà gbé síwájú mi: minérale, àti 100 % synthèse tí owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Kí ni mò ń sanwó fún gan-an? Nílé n'Ìbàdàn, ohun tí mẹkáníìkì bá gbé wá la máa ń dà.

Bàbá Gáréèjì: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Inú epo rọ̀bì ni minérale ti wá. Wọ́n fọ̀ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹyọ inú rẹ̀ kò dọ́gba, bí èlùbọ́ tí wọn ò jọ̀. Ti synthèse, kẹ́míkà ni wọ́n fi tò ó kó lè dọ́gba. Ọ̀pọ̀ synthèse òde òní, epo rọ̀bì náà ni wọ́n fi háídírójìn tún ṣe gan-an. Ìyẹn kì í ṣe ayédèrú o.

Synthèse máa ń tètè ṣàn nínú òtútù, ṣùgbọ́n ará Kánádà nìyẹn máa wúlò fún jù. Ooru làwa ń bá jà níbí, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Kútọnù. Bí ooru bá pọ̀, minérale máa ń tètè ki, á sì di ẹrẹ̀ dúdú nínú ẹ́ńjìnnì. Èéfín gbígbóná ló ń yí tọ́bò. Ọ́ìlì tí kò lágbára á jóná mọ́ ọn lára. Ẹ ra synthèse.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ìwé mọ́tò yín. Nínú 5W-30, nọ́ńbà tó ṣáájú W sọ bó ṣe ń ṣàn nígbà òtútù; ti ẹ̀yìn sọ bó ṣe ki tó ní 100 °C. Ẹ wo ACEA tàbí API, àmì ìwọ̀n dídára ọ́ìlì, lẹ́yìn agolo pẹ̀lú. Synthèse tí kò bá ìwé mọ́tò mu, ó sàn kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Ọmọ Kétu: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ da méjèèjì pọ̀. Wọ́n tún ní synthèse ń lò tó 15 000 km ká tó pààrọ̀ rẹ̀.

Bàbá Gáréèjì: Bí ọ́ìlì bá dín lọ́nà, ẹ dà á pọ̀, kò ní ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, agbára synthèse ló kàn máa dín kù. Ti 15 000 yẹn, ọ̀nà tó dáa àti epo tó mọ́ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Eruku ọ̀dọ̀ yín ńkọ́? Kpayo, epo fàyàwọ́ tí a ń rà lẹ́bàá títì ńkọ́? Epo tí kò jóná tán máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì, á mú kó ṣàn jù, imí-ọjọ́ inú epo á sì di ásíìdì. Kò sí ọ́ìlì tí èyí kì í bà jẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwé mọ́tò ló ní iye kílómítà mìíràn fún iṣẹ́ líle: òun ni tiwa. Kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ fílítà.

Ọmọ Kétu: Zem, ọ̀kadà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ńkọ́?

Bàbá Gáréèjì: Àbúrò, má da ọ́ìlì mọ́tò sí i o. Inú ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń gbé. Kẹ́míkà tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọ́ìlì mọ́tò lè mú kó máa yọ̀. Ra 4T, ọ́ìlì ọ̀kadà, tí wọ́n kọ JASO MA tàbí MA2 sí lára: àmì pé kò ní mú kílọ́ọ̀ṣì yọ̀ nìyẹn. Minérale tó fún un, bó o bá ń tètè pààrọ̀ rẹ̀.