Ìtàn ìrírí: ọjọ́ tí ẹyẹ òkun fọ́ kámẹ́rà gangway wa lójú

Ọmọ Ìlàjẹ:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹnì kan bèèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ṣé lóòótọ́ ni kámẹ́rà ló ń darí afárá ọkọ̀ ojú omi lọ́hùn-ún báyìí, mo ní màá sọ tèmi, ẹ má bínú pó gùn díẹ̀.

Gangway ni mò ń wà nínú ọkọ̀ kan lórí North Sea, lápá ìlà oòrùn England, níbi tí wọ́n ri àwọn òpó tó ń fi atẹ́gùn ṣe iná mọ́lẹ̀. Fẹ́ni tí ò rí i rí, afárá irin ni, ó ń nà ó ń súnkì, orí ọkọ̀ ló wà, a ó lọ fi ẹnu ẹ̀ kan òpó káwọn tẹkiníṣán lè rìn kọjá bí ẹni ń lọ sọ́jà. Àwọn tí ò ní i, ọkọ̀ kékeré ni wọ́n ń lò, á fi imú ti òpó, ìwọ á dúró síwájú máa wo ìgbì, tó bá ti gbé ọ dókè, o gbá àkàbà mú. Nígbà tí mo wà nílé ńkọ́, lórí òkun lápá Delta, basket ni. Kírénì á gbé yín sókè bí apẹ̀rẹ̀ ata, ẹ ó máa fì sọ́tùn-ún fì sósì, ẹ ó máa pe Jésù, ẹ ó máa pe ìyá yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ọ́, mo dijú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, èmi tí wọ́n bí sórí omi o!

Àwọn ará Delft University ní Holland ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Ampelmann sílẹ̀ ní 2008, tiwọn gbajúmọ̀ dáadáa nínú irú afárá yìí: ẹsẹ̀ irin mẹ́fà tó ń nà tó ń súnkì ló gbé pèpéle dúró, ọkọ̀ ń jó nísàlẹ̀, pèpéle dúró gbọnyin. Ohun tó ń sọ fáwọn ẹsẹ̀ yẹn bí wọ́n ṣe máa ṣe ni àpótí kan tí à ń pè ní MRU, òun ló ń wọn bí ọkọ̀ ṣe ń yí, bó ṣe ń gbéra sókè, bó ṣe ń rì padà. Àmọ́ MRU mọ bí ọkọ̀ tiwa ṣe ń mì ni o, kò mọ ibi tí òpó wà. Ó dà bí ẹni tó dijú tó ń jó nínú pálọ̀, ó mọ ẹsẹ̀ ara ẹ̀, kò mọ ibi tí tábìlì wà. Ojú èmi tí mo di joystick mú ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ fún ìyẹn, ibẹ̀ ni kámẹ́rà ti wọlé.

Ní tiwa, wọ́n lẹ pátákó onígun mẹ́rin dúdú-òun-funfun mọ́ ibi tí afárá máa gúnlẹ̀ sí, ó fara jọ QR code tẹ́ ẹ máa ń rí ní ṣọ́ọ̀bù, irú èyí tí University of Michigan gbé jáde ní 2011 tí wọ́n pè ní AprilTag. Kọ̀ǹpútà ti mọ bí pátákó náà ṣe tóbi tó, bó bá wá ṣe kéré sí lójú kámẹ́rà ló máa fi mọ bó ṣe jìnnà tó. Ṣé ẹ mọ̀ pé tí danfo bá ń bọ̀ látòkèèrè bíi páálí ìṣáná ló máa ń rí, kò sẹ́ni tó máa ní danfo yìí mà kéré o, gbogbo wa la mọ̀ pó ṣì jìnnà. Bí igun pátákó bá sì ṣe dagun lójú kámẹ́rà ni kọ̀ǹpútà máa fi mọ̀ bóyá ọ̀ọ́kán la wà tàbí a ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó wá di ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí omi, àwọn tẹkiníṣán mẹ́fà ti wọ lifejacket, wọ́n tò sẹ́yìn géètì. Mo fi afárá sórí auto, ó nà lọ wẹ́rẹ́, ó ku bíi mítà mẹ́ta, ó dúró. Lórí sikíríìnì, ìlà tó yí pátákó yẹn ká tó máa ń jẹ́ green ti di pupa, álààmù ń ké. Mo pa á. Ó tún ké, mo tún pa á. Òru ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ti rẹ̀ mí, ojú mi ṣáà ń rí òpó yẹn kedere látinú kábíìnì, mo ní kí wá lèyí ń dà mí láàmú sí. Mo yọ ọ́ kúrò lórí auto, mo fọwọ́ ara mi tì í. Ìgbì kan tí mi ò fojú sí ló bá gbé wa láti ẹ̀yìn, gbàà! Ẹnu afárá gbá irin tí wọ́n fi ṣọgbà yí ibẹ̀ ká, irin náà wọ́. Kò sẹ́nì kankan lórí afárá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí dòní. Wọ́n dáṣẹ́ dúró, ìwé ni mo kọ títí dọ̀sán.

Nígbà tá a wá lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹyẹ òkun ti ṣu bo ìdajì pátákó, gbogbo ibi dúdú ti di funfun. Dígí kámẹ́rà náà ńkọ́, omi òkun ti ta sí i ó ti gbẹ, iyọ̀ dì mọ́ ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, oòrùn wá tàn sórí iyọ̀ yẹn, gbogbo àwòrán funfun báláú. Kámẹ́rà ti sọ fún mi pé òun ò ríran o, ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ fún mi, èmi ni mo ní kó dákẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti dúró báyìí, èmi náà á dúró.

Oníkírénì:

Ẹ kú ewu o, Ọmọ Ìlàjẹ. Èmi ní tèmi, kọntéínà ni mo fi ọdún mọ́kànlá gbé ní pọ́ọ̀tù kan ní Èkó. Òkè lọ́hùn-ún ni kábíìnì wa wà, dígí ni ilẹ̀ ẹ̀, àárọ̀ ṣúlẹ̀ lẹ ó máa tẹrí wo ìsàlẹ̀, ọrùn á wá le gan bí igi. Ìkọ́ mẹ́rin ló wà lára spreader, ìyẹn irin tí kírénì fi ń gbá kọntéínà mú, ihò mẹ́rin ló wà lórí kọntéínà, wọ́n gbọ́dọ̀ jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ni, ihò náà ò sì fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà. Atẹ́gùn á máa fì spreader bí jangirọ́fà, bọ̀bọ́ kan á dúró nílẹ̀ pẹ̀lú walkie-talkie: òsì díẹ̀, òsì díẹ̀, ó tó, haa ó ti kọjá. Òsì tiẹ̀ kì í sì í ṣe òsì tèmi, torí ó kọjú sí mi. Mo ti gbìyànjú kọntéínà kan nígbà méje rí, iná kò tàn pó ti wọlé, àwọn dírẹ́bà trailer ń tẹ fèrè, wọ́n ń bú bàbá tó bí mi.

Nígbà tí wọ́n wá fi kámẹ́rà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin spreader yẹn, tí mo ń rí ihò kọ̀ọ̀kan níwájú mi, ìgbà ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ń wọlé. Ẹ wò ó, ní pọ́ọ̀tù Maasvlakte 2 ní Rotterdam, ní Holland, láti 2015 làwọn oníkírénì ti ń jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń wo sikíríìnì kó kọntéínà kúrò nínú ọkọ̀. Mo wo fídíò ẹ̀, ọrùn mi ló kọ́kọ́ dùn mí.

Ìyá Ìbejì:

Èmi ò mọ tòkun o, ẹsẹ̀ mi ò wọ omi kọjá orúnkún. Pápákọ̀ òfurufú ni mo wà, nídìí afárá tí wọ́n ń fi kan ẹnu ọ̀nà bàálù. Kámẹ́rà máa ń wá ìlà tó yí ilẹ̀kùn ká ni. Tójò bá rọ̀ sára bàálù, tí iná wá tàn sí i lóru, gbogbo ẹ̀ á máa dán, kò ní mọ èwo ni ilẹ̀kùn èwo ni òjìji. Ọ̀gá wa ò gbà ká yọwọ́ kúrò nídìí ẹ̀.

Dámi_Lójú:

Ẹ̀gbọ́n Ìlàjẹ, ẹ má bínú sí mi o. Òpó dúró sójú kan, kì í rìn, kọ̀ǹpútà lè há gbogbo ìyẹn sórí. Bó bá wá jẹ́ ọkọ̀ sí ọkọ̀ ńkọ́, bíi Bonga tiwa, ọkọ̀ ńlá tó ti ń wa epo lójú òkun Nàìjíríà láti 2005, ọkọ̀ ṣáà ni, òun náà ń mì.

Ọmọ Ìlàjẹ:

Àbúrò, o gbọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti gbà fún kámẹ́rà. MRU tiwa ò mọ nǹkan kan nípa bí ọkọ̀ ẹlòmíì ṣe ń mì, àfi tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ sọ́hùn-ún náà tí wọ́n jọ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà ò bìkítà ta ló mì, àlàfo tó wà láàárín wa ló ń wò, bó bá fẹ̀ ó rí i, bó bá dín ó rí i. Wàhálà ẹ̀ ni pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣírò ohun tó rí tán, ìgbì kì í sì í dúró dè é, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń so òun àti MRU pọ̀.

Oníkírénì:

Pátákó yẹn ńkọ́? Ta ló ń fọ̀ ọ́?

Ọmọ Ìlàjẹ:

Mẹ́rin ni wọ́n lẹ̀ báyìí, tí ẹyẹ bá ṣu sí ọ̀kan a ṣì rí ìyókù. Èmi sì ni mò ń fọ̀ ọ́ o, ta ni ì bá tún jẹ́, lẹ́yìn ohun tí mo ṣe. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí ò níyọ̀, bọ́rọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn. Mo fọ ọ̀kan láàárọ̀ yìí, ó mọ́ féfé, mi ò tíì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò níbẹ̀ tí ẹyẹ kan fi bà lé e lórí, ó ń wò mí.