Àkàgbàdúrà kọ́ ni ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ń jẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé "akagbadura" ni ká máa pe ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń mú lọ́wọ́. Wọn ò fi àmì ohùn kankan sí i, àwọn èèyàn sì ti ń kan sáárá. Èmi ò lè kan sáárá ní tèmi.

Ẹ wo àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ ohùn àárín, akàgbàdúrà, èèyàn ni: ẹni tó ń kà, tó sì ń gbàdúrà, bí akọ̀wé, bí apẹja. Bó bá sì jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàgbádùn. À, kà, gbádùn: ìwé tí a kà tí a fi gbádùn. Kí wá ni àkàgbàdúrà máa jẹ́ létí Yorùbá bí kò ṣe ìwé àdúrà? Mo mọ̀ pé "kà" ń ṣiṣẹ́ méjì, a ń kàwé, a sì ń ka owó. Ṣùgbọ́n àkàgbádùn ti gba ìjókòó yẹn tipẹ́, ìwé ni etí máa kọ́kọ́ gbọ́.

Ọdún kẹta mi rèé ní Kyoto, nílẹ̀ Japan. Ìyá àgbà tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi ló mú mi mọ ìlú, títí dórí ọjọ́ tí a ń kó irú ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan síta. Nígbà tí ọkọ wọn kú, wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ kan lé mi lọ́wọ́ òsì ká tó wọlé ìsìnkú. Wọ́n ní kó jẹ́ tèmi, pé a kì í yá ti ẹlòmíì lò. Juzu ni wọ́n pè é. Mo bèèrè ìtumọ̀, wọ́n kọ àmì méjì sórí bébà: ti àkọ́kọ́ ni iye, ìkejì ni ìlẹ̀kẹ̀. Kò sí àdúrà níbẹ̀ rárá.

Èyí tó bá pé, ìlẹ̀kẹ̀ 108 ló ń wà lára rẹ̀, iye ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ àti ìdààmú ọkàn tí wọ́n ní ó ń de ọmọ aráyé. Iye yẹn náà ni wọ́n ń lu agogo tẹ́ńpìlì lálẹ́ tí ọdún ń parí. Mo dúró nínú òtútù gbọ́ ti Chion-in, tẹ́ńpìlì kan ní Kyoto níbí, agogo tí wọ́n rọ ní 1636, tó wúwo tó 70 tọ́ọ̀nù. Kíkà ni gbogbo rẹ̀. "Namu Amida Butsu" tí wọ́n sì ń fi ìlẹ̀kẹ̀ náà kà, mo sá di Búdà Amida ló túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n "àdúrà", ọ̀rọ̀ tí àwa yá lọ́wọ́ èdè Lárúbáwá, títọrọ ló kún inú rẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ òǹkà ni mo fara mọ́. Ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ méjì ni, pé kò ṣe ṣókí. Ọkọ̀ òfuurufú ńkọ́? Ẹlòmíì ní ká kúkú pè é ní tẹ̀súbáà. Bàbá tó bí ìyá mi kò fi tẹ̀súbáà sílẹ̀ títí wọ́n fi lọ, mo sì máa ń jókòó tì wọ́n láàárọ̀. Ọlọ́run ni wọ́n ń fi yìn. Orúkọ tó ti ní olówó, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó kọ̀wé pé àwa tí a ti kúrò nílé kò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ dídá, mo rí ọ̀rọ̀ yín. Ohun tí mo mú lọ́wọ́ ni mò ń wá orúkọ fún.

Ó ku ìlẹ̀kẹ̀ ńlá tí okùn ti bẹ̀rẹ̀. Oyadama ni wọ́n ń pè é, "oya" sì ni òbí, ì báà ṣe ìyá tàbí bàbá. Òbí ìlẹ̀kẹ̀ kò rọ̀ mí lẹ́nu. Ìyá ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń pè é, bí ìyá ìlù. Ẹni tó bá ní bàbá ló yẹ, kó mú ẹ̀rí wá.