Honda CG125: irinṣẹ́ wo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Alákọ̀wé Ọbáńtokò:
Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Honda CG125 ni mò ń gùn láti Ọbáńtokò lọ síbi iṣẹ́ ní Òkè-Ìlewó, ọdún kẹfà rẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi. Lóṣù tó kọjá mo gbé e fún mẹkáníìkì kan kó yọ mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àgbá irin tó wà lẹ́nu kíráǹkì. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì. Kò wá púlà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fà á yọ, rárá. Ṣe ló ki sukudíráfà méjì bọ abẹ́ rẹ̀, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ máa gbá ẹnu kíráǹkì ní òòlù. Inú eyín ni ìró yẹn ti ń dùn mí. Nígbà tó fi máa jáde, ẹnu kíráǹkì ti tẹ́ bí olú, nọ́ọ̀tì ò wọlé mọ́.

Mo ti pinnu pé iṣẹ́ kéékèèké, ẹ̀yìnkùlé mi ni n ó ti máa ṣe é. ₦40,000 ni mo yà sọ́tọ̀. Mo rí àpótí irinṣẹ́ kan ní Kútọ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ lé ní 100, ó ń dán yinrinyinrin. Ṣé kí n gbé e?

Ọmọ Láfẹ́ńwá:
Ẹ má gbé e o! Mo ní irú ẹ̀ nílé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 ló kọ́kọ́ là, bẹ́ẹ̀ 10 la ń lò jù. Èyí tó kù, mi ò tíì fọwọ́ kan ìdajì wọn.

Ẹ̀gbọ́n Ìbarà:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ọdún 22 ni mo fi tún máṣíìnì ṣe kí ẹ̀yìn tó ní kí n jókòó. Ìdí mágínẹ́ẹ̀tì CG ní tíréèdì, nítorí púlà ni wọ́n ṣe ṣe é síbẹ̀. Wàá yí púlà wọ inú rẹ̀ dáadáa, wàá wá máa yí bóòtù àárín. Á kàn dún “tọ́!”, ó ti jáde nìyẹn. Má ra púlà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń fa etí, ìyẹn á tẹ̀ ẹ́. Tíréèdì púlà kọ̀ọ̀kan ò sì dọ́gba, torí náà fi wọn mágínẹ́ẹ̀tì rẹ wò kó o tó sanwó.

Èyí tó o máa lò jù ni feeler gauge, àwọn abẹ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn. Àlàfo táápẹ́ẹ̀tì CG125, ìyẹn sukúrù tó ń tẹ fáàfù, 0.08 mm ni fún fáàfù méjèèjì, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù pátápátá, kì í ṣe ìgbà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ṣàpọ́n dé. Yí mágínẹ́ẹ̀tì títí àmì T yóò fi ko àmì tó wà lára ẹ́ńjìnì. Fọwọ́ mi táápẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Tí wọ́n bá mì díẹ̀, o wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá le, yí i ní odindi ìyípo kan sí i. Abẹ náà gbọ́dọ̀ máa fà díẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń fa ìwé yọ lábẹ́ ìwé ńlá. Àwọn kan ń fún un títí ariwo fi máa pa. Fáàfù tí kì í pa dé yóò jó, oníbàárà á sì pàdà wá.

Ìyá Ìbejì Adátán:
Èmi ni mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì máṣíìnì ọkọ mi. Pọ́lọ́ọ̀gì D8EA, sípánà 18 ló ń ṣí i. 16 àti 21 ló sábà máa ń wà nínú àpótí ti mọ́tò. Mo ti fi 19 ṣe tipátipá rí, ó yọ̀, ó sì fọ́ ibi funfun ara rẹ̀. Ẹ wo JASO MA lára ike ọ́ìlì, àmì ọ́ìlì máṣíìnì tí kì í jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀, torí inú ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì wà. Èyí tó ti dúdú, ẹ má dà á sí gọ́tà. Káfíńtà wa máa ń gbà á fi kun igi kí ikán má jẹ ẹ́.

Alákọ̀wé Ọbáńtokò:
Ẹ ṣeun, mà. Torque wrench, sípánà tó ń wọn bí a ṣe fún bóòtù le tó, ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Ìbarà:
Mi ò lò ó rí. Ọwọ́ mi ni torque wrench mi.

Ọmọ Kámpù:
Ọwọ́ yín ti ṣe é fún ọdún 22, bàbá. Tiwa ò tíì ṣe é fún ọjọ́ 22 😄 Ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ ra kékeré. Bóòtù 6 mm ara kọ́fà ò ju bíi 10 Nm lọ, àwọn tí wọ́n fi ń ti nọ́ọ̀tì táyà mọ́tò ò lè wọn ìyẹn. Ara ẹ́ńjìnì, aluminiomu ni. Ẹ fún un díẹ̀ jù, tíréèdì ti bá bóòtù jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe mí.

Sukúrù orí àgbélébùú tún wà. Ìlànà ti Jàpáànì ni, wọ́n ń pè é ní JIS. Sukudíráfà ọjà máa ń dà bíi pé ó wọ̀ ọ́, kó tó bó o lórí.

Ẹ̀gbọ́n Ìbarà:
Ìyẹn lo sọ.

Alákọ̀wé Ọbáńtokò:
Ó yé mi. Feeler gauge, sípánà 18, sọ́kẹ́ẹ̀tì 8 àti 10 tó dáa, sukudíráfà JIS. Tówó bá kù, torque wrench kékeré. Ti púlà ni mi ò tíì mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìbarà:
Ìgbà mélòó lo máa yọ mágínẹ́ẹ̀tì lọ́dún? Tèmi wà nílẹ̀, wá mú un lọ́jọ́ Sátidé. Gbé máṣíìnì náà bọ̀, kí n wo ẹnu kíráǹkì yẹn bóyá fáìlì á ṣì gbà á.

Alákọ̀wé Ọbáńtokò:
Mo ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi so ajá yín mọ́lẹ̀.