Ìwé ìbò Colorado: ṣé kí n gbà kí wọ́n fi kún owó orí ilé wa?

Ìyá_Ìbejì_Aurora

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọdún yìí ni mo búra di ọmọ Amẹ́ríkà, ìwé ìbò àkọ́kọ́ mi sì dé nínú lẹ́tà lọ́jọ́ Ẹtì. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì látàárọ̀, mo dáná, mo wẹ ọmọ, mo tún padà débẹ̀, mi ò tíì kun ojú kan ṣoṣo. Èmi rò pé orúkọ èèyàn nìkan ni màá bá níbẹ̀, àfi bí mo ṣe rí ìbéèrè méjì tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ, ọ̀kan ní ṣé kí ilé ìwé àdúgbò wa jẹ gbèsè, ìkejì ní ṣé kí wọ́n fi kún owó orí ilé lọ́dọọdún. Àwa ni kí á wá sọ ọ́! Ní Ṣàgámù tí wọ́n bí mi sí, mi ò rí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bi bàbá mi kí wọ́n tó bu owó lé e lórí. Ọkọ mi ní ká kọ rárá sí méjèèjì torí owó ilé ti wọ̀ wá lọ́rùn, òótọ́ ló sì sọ, àmọ́ òrùlé kíláàsì àwọn ìbejì ń jò, mo fojú ara mi rí garawa tí tíṣà gbé sábẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé òbí. Kí lẹ máa ń ṣe? Kí ló sì dé tó jẹ́ àwa ni wọ́n ń bi?

Bàbá_Tọ́pẹ́

Ẹ kú oríire ìwé ìlú mà. Òfin tó fà á ni wọ́n ń pè ní TABOR (Taxpayer's Bill of Rights, ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ àwọn tó ń san owó orí), ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Douglas Bruce ló kọ ọ́, àwọn olùdìbò kọ̀ ọ́ ní 1988, wọ́n kọ̀ ọ́ ní 1990, wọ́n wá gbà á ní 1992. Ìpínlẹ̀ ni o, county (ìjọba ìbílẹ̀) ni o, ìlú ni o, ilé ìwé ni o, kò sí èyí tó lè gbé owó orí sókè láìjẹ́ pé ará ìlú dìbò sí i. Apá kejì ẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ò mọ̀: owó tí ìjọba lè dì mú lọ́dún ò gbọdọ̀ fò ju bí ọjà ṣe gbówó lórí àti bí èèyàn ṣe pọ̀ sí i lọ, èyí tó bá lé, wọ́n á dá a padà àyàfi tá a bá ní kí wọ́n mú un. Òun ló fà á tí ṣẹ́ẹ̀kì $750 fi wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 2022, $1,500 fún tọkọtaya tó jọ kọ fọ́ọ̀mù. Mo fi tèmi ra táyà méjì, mo fi ìyókù ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkòròdú fún owó ilé ìwé. Mi ò ní fi òfin yẹn ṣeré láéláé, ẹni tó bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi, kó kọ́kọ́ wá ṣàlàyé fún mi.

Ẹ má sì da ìbéèrè méjèèjì yẹn pọ̀ o. Ti gbèsè, bond nìyẹn, ilé kíkọ́ àti òrùlé ni wọ́n máa ń fi ṣe. Ìkejì, mill levy override, ìyẹn àfikún owó orí ilé fún ilé ìwé, owó oṣù tíṣà àti ìnáwó ojoojúmọ́ ló sábà máa ń bá lọ. Ìwé aláwọ̀ búlúù tí ìpínlẹ̀ fi ránṣẹ́ ò sọ nǹkan kan nípa ti àdúgbò, ìwé mìíràn wà tí wọ́n kọ “All Registered Voters” sí lára, ó dà bí ìwé ìpolówó, ẹ má jù ú nù, inú ẹ̀ lọ̀rọ̀ àwọn tó fara mọ́ ọn àti àwọn tó lòdì sí i wà.

Tíṣà_Òkè_Odò

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Tọ́pẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí inú ẹ̀ ni mo ń gbé. Abúlé ni mo ti ń kọ́ ọmọ, ọjọ́ mẹ́rin là ń ṣe lọ́sẹ̀ torí owó ò tó, ó sì ju ìdajì lọ nínú àwọn school district (àgbègbè ilé ìwé) 178 ní Colorado tó ń ṣe ọjọ́ mẹ́rin bíi tiwa. Lọ́jọ́ Ajé tí a kì í ṣí, mo máa ń rí àwọn ọmọ kíláàsì mi níwájú ilé epo tí wọ́n jókòó ti ara wọn, ìyá wọn wà níbi iṣẹ́. Kò sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìbò pé ṣé kí ilé ìwé máa ṣí lọ́jọ́ mẹ́rin, iye owó tẹ́ ẹ máa san nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ gàdàgbà síwájú yín, ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù ò sí níbẹ̀, ohun tó ń dùn mí nínú òfin yẹn nìyẹn. Ní 2005 nǹkan le débi pé gómìnà Bill Owens tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Republican, tí wọn kì í fẹ́ owó orí, fúnra ẹ̀ ló ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n jẹ́ kí ìpínlẹ̀ di owó tó bá lé mú fún ọdún márùn-ún, wọ́n sì gbà. Ní 2019 wọ́n tún béèrè pé kó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n kọ̀.

Mi ò ní kí wọ́n gba ìbò lọ́wọ́ wa o. Ní 2022 a dìbò pé kí gbogbo ọmọ ilé ìwé máa jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn tó ń gba $300,000 sókè lọ́dún san án. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi nígbà yẹn tó máa ń ní inú ń run òun tó bá ti di àsìkò oúnjẹ. Látìgbà tí oúnjẹ ti di ọ̀fẹ́, òun ló máa ń síwájú lórí ìlà oúnjẹ.

Àbíkẹ́_Zurich

Ẹ pẹ̀lẹ́ níbẹ̀ o. Ìbò lórí owó pọ̀ ní Switzerland níbí náà, inú ìwé òfin ilẹ̀ ni wọ́n kọ gbèdéke VAT (owó orí ọjà) sí, torí náà wọn ò lè gbé e sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ láìbi wá. Ní September 2022 wọ́n ní kí á gbé e láti 7.7 sí 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún kí owó àwọn arúgbó má bàa tán, lọ́jọ́ kan náà wọ́n tún ní kí àwa obìnrin fẹ̀yìntì ní 65 dípò 64, a sì gba méjèèjì. Mo kọ bẹ́ẹ̀ ni sí ti VAT, láti January 2024 ni mo sì ti ń san án lórí ọṣẹ àti bàtà ọmọ. Àwọn èèyàn á san án tí wọ́n bá ti mọ ibi tó ń lọ.

Ọmọ_Akànràn

Ọ̀rọ̀ yìí dé ọkàn mi. Bàbá bàbá mi wà lára Àgbẹ̀kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tó dìde sí owó orí nílẹ̀ Yorùbá ní 1968 sí 1969, òkè mẹ́fà péré ni wọ́n láwọn fẹ́ san, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, torí kòkó ò mówó wọlé mọ́, ọ̀nà oko ti bàjẹ́, àwọn agbowó orí sì ń wọ ilé onílé. Kò sí ìwé ìbò tí wọ́n lè fi sọ ọ́, ìbọn àti àdá ni, èèyàn kú kí ìjọba tó dín owó náà kù. Ìgbà tí VAT wa ní Nàìjíríà kúrò ní 5 bọ́ sí 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní February 2020, inú rédíò la ti gbọ́. Ìyá Ìbejì, ohun yòówù kẹ́ ẹ kun, ẹ ṣáà má fi ìwé yẹn sílẹ̀ lófo, mo bẹ̀ yín.

Ìyá_Ìbejì_Aurora

Ẹ ṣé gan-an ni o, Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Mo rí ìwé “All Registered Voters” yẹn nínú àwọn bébà tí mo fẹ́ dà nù lóòótọ́. Èmi àti ọkọ mi jọ ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú iye tí wọ́n fowó sí ilé wa, ti òrùlé ò tó dọ́là mẹ́wàá lóṣù, ìkejì ló wúwo. Àwa méjèèjì kọ bẹ́ẹ̀ ni sí ti òrùlé. Sí ìkejì, òun kọ rárá, èmi kọ bẹ́ẹ̀ ni torí ọ̀rọ̀ Tíṣà. A fọwọ́ sí ẹ̀yìn ẹnfílọ́ọ̀pù, a kó àwọn ìbejì sínú mọ́tò, a lọ jù ú sínú àpótí iwájú láíbìrì, Táyé ju tèmi, Kẹ́hìndé ju ti bàbá ẹ̀.